Oògùn Inú Géèmù

Ọyẹ́ mú gan-an láàárọ̀ ọjọ́ náà, eruku sì bo gbogbo Adó. Ọmọ mi obìnrin, aboyún oṣù mẹ́jọ, ń gbá géèmù Japan kan lórí tẹlifíṣọ̀n, èyí tí èmi náà fẹ́ràn jù, nítorí àwọn arìnrìn-àjò inú rẹ̀ kì í kúrò nílùú láìra oògùn.

"Màámi, ẹ bá mi nu tẹlifíṣọ̀n, ó ṣú."

Mo nù ún.

"Ó ṣì ṣú. Àbí àkísà yín ló dọ̀tí?"

Èmi ń rí i kedere. Mo wo ẹsẹ̀ rẹ̀ tó wú.

"Oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru tìrẹ dà? O ò tíì rà á?"

"Ẹ jẹ́ n pa ejò yìí ná. Ó di ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀ kí n tó rà á."

Nígbà tí ilẹ̀ ọjọ́ kejì mọ́, mo di ẹrù rẹ̀, mo sì mú un lọ sílé ìwòsàn.