Òfin Kẹrin ní Yàrá Físíìsì

Mo ṣì ní ìwé òfin náà lọ́wọ́. Ojú ewé méjì ni. Ẹ̀rọ ìtẹ̀wé tí wọ́n fi tẹ̀ ẹ́ dọ̀tí débi pé gbogbo ihò inú lẹ́tà ló ti dí. Ní ọjọ́ kìíní tí a wọ kíláàsì físíìsì ti ọdún àkọ́kọ́ ní yunifásítì ni wọ́n pín in fún wa, wọ́n sì ní kí kálukú buwọ́ lù ú kó tó dìde níbi tó jókòó sí. Tayọ̀tayọ̀ ni mo buwọ́ lù ú. Ọmọ ọdún mọ́kàndínlógún ni mí nígbà náà, mo sì gbà pé ẹni tó bá kọ òfin sílẹ̀ yóò pa á mọ́.

Òfin kìíní sọ pé aago méjì ni wọn yóò ti ilẹ̀kùn yàrá àyẹ̀wò, kí ẹni tó bá pẹ́ yáa padà. Òfin kejì ní báírò nìkan ni kí a fi kọ èsì, kí ẹnikẹ́ni má fi rọ́bà pa nǹkan kan rẹ́. Òfin kẹta ní ẹni tí àyẹ̀wò mẹ́wẹ̀ẹ̀wá rẹ̀ kò bá pé kò ní jókòó ṣe ìdánwò, ẹni tí kò bá sì ṣe ìdánwò, kí ó palẹ̀ ẹrù rẹ̀ mọ́ kí ó máa lọ sílé. Òfin kẹrin ni mo fẹ́ràn jù: “Kọ ohun tí o rí. Má ṣe kọ ohun tí o rò pé ó yẹ kí o rí.” Òfin ṣì pọ̀ lẹ́yìn ìyẹn, nípa bàtà, nípa oúnjẹ, nípa ariwo, ṣùgbọ́n ẹ̀kẹrin yìí dà bíi pé bàbá mi ló kọ ọ́.

Káfíńtà ni bàbá mi, ní Òkè Baálẹ̀, l'Óṣogbo. Ilẹ̀kùn àti fèrèsé ló ń ṣe. Kí n tó mọ ìwé kà ni mo ti ń bá a di rúlà mú. Rúlà onígi kan tó ń ká sí mẹ́rin ni, ìǹṣì ni wọ́n fín sí i lára. Kì í bẹ̀rẹ̀ ìwọ̀n láti orí rẹ̀ láé. Orí rúlà ló máa ń kọ́kọ́ jẹ: á gbá ilẹ̀, á gbá ìṣó, títí díẹ̀ á fi kúrò lára rẹ̀ tí ojú kò ní tètè rí i. Nítorí náà ni àwọn káfíńtà àdúgbò wa ṣe máa ń bẹ̀rẹ̀ láti ojú ìlà ìǹṣì kìíní, wọ́n á wá yọ ẹyọ kan kúrò nínú iye tí wọ́n bá kà. Èmi ni mo máa ń di ìlà yẹn mọ́ etí pákó, bàbá mi á lọ ka ìyókù ní ìkángun kejì. Tí ọwọ́ mi bá yẹ̀, ó máa ń mọ̀. Lójú mi ló ṣe tú ilẹ̀kùn kan tó ti kàn tán, tí ẹni tó ni ín ti ń yìn ín, nítorí pé apá kan rẹ̀ fi ìnípọn ìṣó kan ga ju apá kejì lọ.

Àwọn àbúrò rẹ̀ kò fẹ́ kí n lọ sí yunifásítì. Wọ́n ní ọmọbìnrin tó ti ka Kùránì parí, tó tún ti jáde ilé ìwé girama, kí ló tún ń wá kiri? Wọ́n ti bá mi rí ọkọ, ẹnì kan tó ń ta bàtà, èèyàn jẹ́jẹ́ ni. Bàbá mi bẹ̀ wọ́n pé kí wọ́n fún òun ní ọdún kan péré. Bí mo bá yege ní ọdún kìíní, kí wọ́n gbẹ́nu dákẹ́. Bí n kò bá yege, kí wọ́n wá fa ìyàwó lé ọkọ lọ́wọ́. Kò sí ẹni tó mọ̀ nípa àdéhùn yìí ní gbogbo kíláàsì wa, àfi èmi.

Àyẹ̀wò kẹta ni ti ọ̀pá idẹ. A ó wọn bí ó ṣe gùn tó, a ó wọn bí ó ṣe wúwo tó, ìṣirò á tẹ̀ lé e. Méjì méjì ni wọ́n pín wa. Ẹnì kejì mi jẹ́ ọmọkùnrin kan láti Iléṣà, ọmọ tíṣà ìjọ Mẹ́tọ́díìsì, ẹlẹ́rìn-ín, tí kì í bá ẹnikẹ́ni jà. Tábìlì keje ni tiwa. Bí mo ṣe gbé rúlà onímítà tó wà lórí tábìlì ni mo rí i pé orí rẹ̀ ti jẹ, ìlà wẹ́wẹ́ mẹ́rin ti lọ níbẹ̀. Mo bẹ̀rẹ̀ láti ojú mẹ́wàá, mo ka ogójì, mo yọ mẹ́wàá kúrò. Ọgbọ̀n sẹ̀ǹtímítà ni ọ̀pá náà, kò lé, kò dín.

Ọmọ Iléṣà kò wọn nǹkan kan ní tirẹ̀. Ó ti bi àwọn tó lo tábìlì keje ní ọjọ́ Ajé, wọ́n ní ọgbọ̀n àti ìlà mẹ́rin ni àwọn kọ, ó sì gbà wọ́n gbọ́. Ó ní kí àwa náà kọ bẹ́ẹ̀ kí a tètè lọ jẹun. Mo ní òfin kẹrin ńkọ́? Ó rẹ́rìn-ín. Ó kọ tirẹ̀, mo kọ tèmi.

Nígbà tí ìwé máa padà, ó gba mẹ́sàn-án nínú mẹ́wàá, èmi gba òdo. Wọ́n fi tàdáà pupa kọ ọ́ síbẹ̀ pé ìwọ̀n mi kò tọ̀nà, kí n tún un ṣe.

Ọ̀dọ́mọkùnrin kan tó máa ń wọ ẹ̀wù funfun ló ń bójú tó yàrá náà, òun náà ló ń máàkì. Ó ní ìwé pélébé kan tó kọ ìdáhùn tábìlì kọ̀ọ̀kan sí, mo sì rí ti tábìlì keje níbẹ̀: ọgbọ̀n àti ìlà mẹ́rin. Ó yé mi wàyí. Rúlà yẹn náà ni òun fi wọn ọ̀pá, láti orí rẹ̀ tó ti jẹ. Mo ṣàlàyé fún un pẹ̀lú ọ̀wọ̀, mo na orí rúlà sí i. Kò wò ó. Ó fi Gẹ̀ẹ́sì bi mí pé níbo ni mo ti kọ́ ọ pé àárín rúlà ni èèyàn ti ń bẹ̀rẹ̀. Mo ní lọ́dọ̀ bàbá mi ni. Ó ní iṣẹ́ wo ni bàbá mi ń ṣe. Mo sọ fún un, gbogbo yàrá sì bú sẹ́rìn-ín. Ọmọ Iléṣà náà rẹ́rìn-ín, ó wá bojú wolẹ̀ nígbà tí mo wò ó. N kò tíì dárí ẹ̀rín yẹn ji ẹnikẹ́ni nínú wọn, n kò sì lérò pé mo máa ṣe bẹ́ẹ̀.

Kí n tó jáde lọ́jọ́ náà, mo gé bébà tẹ́ẹ́rẹ́ kan tó gùn dọ́gba pẹ̀lú ọ̀pá idẹ. Ní Sátidé, mo wọ mótò lọ sí Iléṣà, mo tún wọ òmíràn níbẹ̀ lọ sí Òṣogbo. Ọdún yẹn ni ìjọba ní kí gbogbo ọkọ̀ kúrò lápá òsì kí wọ́n máa gba ọ̀tún, dírẹ́bà wa kò sì tíì mọ́ ọn lára, ẹ̀rù bà mí dé Òṣogbo. Bàbá mi tẹ́ bébà náà sórí pákó, ó fi rúlà rẹ̀ lé e láti ojú ìǹṣì kìíní. Ó wò ó lẹ́ẹ̀mejì. Ó ní kò pé ìǹṣì méjìlá, ó fi ìlà mẹ́ta dín, nínú àwọn ìlà wẹ́wẹ́ tó pín ìǹṣì kan sí mẹ́rìndínlógún. Mo ṣírò rẹ̀ lórí ìdúró, ọgbọ̀n sẹ̀ǹtímítà ló jẹ́. Inú mi dùn bí ẹni pé mo ti yege.

Ìka méjì ni ẹlẹ́wù funfun fi gba bébà mi ní ọjọ́ Ajé. Ó ṣí ìwé òfin, ó ka òfin kẹsàn-án sí mi létí: ìwọ̀n tí a bá ṣe níta yàrá kì í ṣe ìwọ̀n. Ó tún ka òfin kejìlá: ẹni tí máàkì rẹ̀ kò bá tẹ́ lọ́rùn, kí ó kọ lẹ́tà sí olùkọ́ àgbà, kí ó sì fi í rán ẹni tó máàkì ìwé rẹ̀. Mo kọ lẹ́tà. Mo gbé e fún un. Lójú mi ló ṣe tì í sínú dúrọ́ọ̀ rẹ̀. Kò bínú rárá, ohun tó dùn mí jù nìyẹn. Ó ní òun rí i pé mo ní ọpọlọ, nítorí náà òun fún mi láyè títí di Ọjọ́bọ̀ láti tún un ṣe. Bí iye mi bá bá ti inú ìwé òun mu, òun á fún mi ní márùn-ún. Bí kò bá bá a mu, àyẹ̀wò mi kò ní pé mẹ́wàá, mo sì mọ ohun tí òfin kẹta wí.

Mo sá kíláàsì ọjọ́ kejì, mo tún gba Òṣogbo lọ. Ohun tí mò ń rò ní gbogbo ọ̀nà ni pé bàbá mi yóò wọ agbádá rẹ̀, yóò kó rúlà sápò, yóò sì bá mi lọ dúró níwájú ọmọkùnrin yẹn. Ó gbé ayùn sílẹ̀ nígbà tí mo sọ̀rọ̀ tán.

“Àwọn yòókù ńkọ́? Kí ni wọ́n kọ?”

“Ọgbọ̀n àti ìlà mẹ́rin, Bàbá.”

“Gbogbo wọn?”

“Gbogbo àwọn tó lo tábìlì wa.”

“Lọ kọ ohun tí wọ́n fẹ́ rí.”

Mo ní, “Ẹ̀yin náà wọ̀n ọ́n, Bàbá. Ẹ rí i.”

“Mo rí i. Àwọn àbúrò mi ò ní bi mí léèrè ọ̀pá idẹ. Lọ kọ ọ́.”

Mo kọ ọ́. Báírò ni mo fi kọ ọ́, bí òfin kejì ṣe wí. Mo gba márùn-ún, mo jókòó ṣe ìdánwò, mo yege, àwọn àbúrò bàbá mi sì gbẹ́nu dákẹ́. Wọ́n tilẹ̀ ń fi mí yangàn nígbà tó yá. Físíìsì náà ni mo fi jẹun títí mo fi fẹ̀yìn tì, mo kọ́ ọ ní Iléṣà fún ọ̀pọ̀ ọdún, ṣùgbọ́n n kò fún ọmọ kankan ní ìwé òfin kí ó buwọ́ lù ú.

Nígbà tí a gba ìsinmi gígùn lọ́dún yẹn, mo délé bá bàbá mi nídìí pákó gígùn kan. Mo sọ báàgì kalẹ̀, mo na ọwọ́ sí rúlà bí mo ṣe máa ń ṣe. Ó ti gbá ìṣó kékeré kan mọ́ etí pákó, ìṣó yẹn ló ń bá a di ìlà ìǹṣì kìíní mú. Ó ní kí n jókòó, pé mo ṣẹ̀ṣẹ̀ dé, pé ó ti rẹ̀ mí. Mo gbà á gbọ́ lọ́jọ́ yẹn. Ìṣó ló tún fi di rúlà mú ní ọjọ́ kejì, ìṣó náà ni ní ìsinmi tó tẹ̀ lé e. Òun ló ní kí n lọ kọ ọ́, mo sì kọ ọ́ nítorí tirẹ̀. Títí ó fi kú, kò tún ní kí n bá òun di rúlà mú mọ́.