Èéfín Tó Wà Nínú Fáìlì Ikúmápàyí

Ọdún tó tẹ̀lé èyí tí àwọn sójà gbé ìjọba sílẹ̀ fún alágbádá ni Sìkírátù bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní yàrá rẹ́kọ́ọ̀dù ilé ìwòsàn aládàáni kan ní Bàrígà. Kì í fọwọ́ kan aláìsàn. Tí dókítà bá ti tọ́jú èèyàn tán, fáìlì onítọ̀hún á wá sórí tábìlì rẹ̀, òun á sì wá kóòdù tó bá ohun tó ṣe é mu nínú ìwé kan tó nípọn tó odidi búrẹ́dì. Lẹ́tà kan àti nọ́ńbà méjì ni. Ẹni tí iná jó lọ́wọ́, T23. Ẹni tí iná jó ní ọ̀nà ọ̀fun níbi tí èémí ń gbà, T27. Òmíràn tún wà tó ń sọ bí iná ọ̀hún ṣe bẹ̀rẹ̀, bóyá ilé ló jó ni àbí aṣọ ọrùn ẹni ló gbaná.

Ojo èèyàn ni Sìkírátù. Tí ọ̀gá bá kàn pe orúkọ rẹ̀, á ti máa bẹ̀bẹ̀. Nítorí kó má baà ṣàṣìṣe, gbogbo ohun tó bá wà nínú fáìlì ló máa ń kà, títí kan ohun tí àwọn nọ́ọ̀sì kọ sẹ́yìn ìwé, èyí tí àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ máa ń fò.

Lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun kan nínú oṣù Kejìlá, nígbà tí kàlẹ́ńdà ọdún tuntun kún ọwọ́ àwọn atẹ̀wé Ṣómólú, iná sọ nínú ṣọ́ọ̀bù ọkùnrin kan tó ń jẹ́ Ikúmápàyí. Kẹrosíìnì ni wọ́n fi ń fọ ẹ̀rọ ìtẹ̀wé lọ́wọ́ tí NEPA fi mú iná dé lójijì. Wáyà kan ta pàrà, bébà sì gbaná. Ikúmápàyí ti bọ́ síta, ó tún padà wọ inú èéfín lọ gbé kàlẹ́ńdà ṣọ́ọ̀ṣì kan tó ti tẹ̀ tán. Wọ́n gbé e wá sí Bàrígà, wọ́n di ọwọ́ rẹ̀, wọ́n ní kó máa lọ sílé rẹ̀ ní Abúlé Òkúta.

Aago méjì ọ̀sán ni fáìlì rẹ̀ dé ọ̀dọ̀ Sìkírátù. Dókítà Bámilóyè kọ ọ́ síbẹ̀ pé ọwọ́ ọ̀tún jó díẹ̀, kí aláìsàn padà wá lọ́jọ́ kẹta. T23 nìyẹn. Ṣùgbọ́n nígbà tó ṣí ẹ̀yìn ìwé, ó rí ohun tí Nọ́ọ̀sì Sabina kọ: irun imú ti jó, itọ́ dúdú, ohùn ti há.

Ó rántí ohun tí olùkọ́ wọn sọ nílé ẹ̀kọ́, pé ọ̀fun tí èéfín gbígbóná bá jó kì í wú lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀. Èèyàn á máa sọ̀rọ̀, á máa rìn, títí ọ̀nà èémí á fi dí.

Ó wá Sabina lọ, Sabina ti kúrò lẹ́nu iṣẹ́. Dókítà ti lọ sí ilé ìwòsàn mìíràn, fóònù ọ́fíìsì sì ti kú láti ọjọ́ mẹ́ta. Ọ̀gá rẹ̀ ní yàrá rẹ́kọ́ọ̀dù ní akọ̀wé kì í wo àìsàn, kó kọ ohun tí dókítà kọ. Sìkírátù jókòó, ó kọ T, nọ́ńbà kò jáde lọ́wọ́ rẹ̀. Ó ki fáìlì bọ inú báàgì, ohun tó jẹ́ èèwọ̀ níbẹ̀, ó ní òun ń lọ jẹun, ó sì gun ọ̀kadà lọ sí àdírẹ́sì tó wà nínú fáìlì ní Abúlé Òkúta. Bí ó ṣe ń lọ ló ń rò ó pé tí òun bá ṣì í, iṣẹ́ ti bọ́. Tí kò bá sì ṣì í ńkọ́? Ìyẹn gan-an ló ń bà á lẹ́rù jù.

Oyèbísí, ìyàwó Ikúmápàyí, ló bá níwájú ilé tó ń fọ aṣọ tó rùn fún èéfín. Ó ní ọkọ òun ń sinmi, pé kò lè gbé oúnjẹ mì, ọ̀fun ń dùn ún.

“Ẹ jọ̀ọ́ mà, ẹ jẹ́ kí n gbọ́ ohùn wọn.”

Kí wọ́n tó dé yàrá ni wọ́n ti ń gbọ́ èémí rẹ̀, tó ń dún fíì, bí atẹ́gùn tó ń gba abẹ́ ilẹ̀kùn wọlé. Ikúmápàyí jókòó ṣánṣán lórí bẹ́ẹ̀dì, ó na ọrùn síwájú. Ó fẹ́ kí àlejò, ẹnu rẹ̀ yà, kò sí ohùn.

Oyèbísí yíjú sí i. “Ṣé dókítà ló rán yín wá?”

Irọ́ ì bá mú ọ̀rọ̀ náà yá. “Rárá, mà. Èmi ni mo ń tọ́jú fáìlì. Èmi kì í ṣe dókítà. Ṣùgbọ́n ọ̀fun wọn ń wú, ẹ jẹ́ ká máa gbé wọn lọ.”

Obìnrin náà sáré lọ pe aládùúgbò tó ní mọ́tò.

Ilé ìwòsàn ìjọba tó tóbi ni wọ́n dorí kọ. Nígbà tí wọ́n dé Obanikoro, ètè Ikúmápàyí ti dúdú, ó fi ọwọ́ òsì di apá Sìkírátù mú débi pé ó dọ́gbẹ́. Sìkírátù ń ka èémí rẹ̀. Ìgbàkigbà tí ọ̀kan bá pẹ́, tirẹ̀ náà á dúró.

Lẹ́nu ọ̀nà pàjáwìrì, ó ka ohun tí Sabina kọ sí etí dókítà tó kọ́kọ́ rí. Wọn kò bi í ní ìbéèrè kejì. Wọ́n ti rọ́bà gba ẹnu ọkùnrin náà wọ ọ̀nà èémí rẹ̀, ó sì ṣòro kó tó wọlé. Dókítà náà sọ fún Oyèbísí pé tí wọ́n bá fi ìdajì wákàtí pẹ́ sí i, rọ́bà náà kò ní ráyè wọlé mọ́.

Ọjọ́ mọ́kànlá ni Ikúmápàyí lò níbẹ̀. Ó yè, ṣùgbọ́n ohùn rẹ̀ kò já geere mọ́.

Wọ́n kọ ìwé sí Sìkírátù pé kó wá ṣàlàyé ìdí tó fi gbé fáìlì jáde. Dókítà Bámilóyè wá síwájú tábìlì rẹ̀, ó ní kó fi ẹ̀yìn ìwé yẹn han òun. Ó kà á, ó tún un kà, ó dá a padà, ó sì jáde. Kò sẹ́ni tó lé Sìkírátù lẹ́nu iṣẹ́.

Ẹ̀rù kò kúrò lára Sìkírátù, ńṣe ló pọ̀ sí i. Tí fáìlì ẹni tí iná jó bá dé, á pa bíírò tì, á sáré jáde lọ wo kọ́rídọ̀ bóyá onítọ̀hún kò tíì lọ. Àwọn kan máa ń fi í rẹ́rìn-ín. Sabina kì í rẹ́rìn-ín. Òun ló máa ń bá a dá irú aláìsàn bẹ́ẹ̀ dúró lẹ́nu géètì.