Ọjọ́ Tí Àǹtí Mi Kò Sọ Pé Ọbẹ̀ Ti Tutù

Ọmọkùnrin tó ṣe fíìmù náà dìde níwájú wa ní Sábó, ó dé fìlà òtútù nínú ooru, ó ní òun kò ṣe fíìmù kí inú ẹnikẹ́ni lè dùn. Ó ní ìdákẹ́jẹ́ gan-an jẹ́ òṣèré kan nínú rẹ̀. Gbogbo èrò yàrá mi orí pé bẹ́ẹ̀ ni. Èmi náà mi orí. Wọ́n ti bẹ̀ mí pé kí n wá sọ̀rọ̀ lẹ́yìn fíìmù, ẹni tí wọ́n bá sì fẹ́ gbé máìkì fún kò gbọdọ̀ jẹ́ ẹni àkọ́kọ́ tí ọ̀rọ̀ kò yé.

Yàrá òkè kan ni, lórí ṣọ́ọ̀bù tí wọ́n ti ń tún fóònù ṣe. Wọ́n kun ògiri rẹ̀ ní dúdú, wọ́n to àga oníke sí i, wọ́n sì ń ta sóbò nínú ife gíláàsì tí ewé wà lórí rẹ̀. Wọ́n ti fún sóbò náà ní orúkọ mìíràn kí owó rẹ̀ lè gòkè. Àwọn ọ̀dọ́ tó wá jẹ́ irú àwọn tó ń gbé àpò aṣọ tí wọ́n kọ ọ̀rọ̀ ọgbọ́n sí lára.

Àwọn méjì tó dá yàtọ̀ láàárín wọn ni àǹtí mi àti ọkọ rẹ̀. Àǹtí ni àkọ́bí ìyá wa, tíṣà ni nílé ẹ̀kọ́ girama kan ní Súrùlérè. Ọkọ rẹ̀, tí mo ń pè ní Bùọ̀dá, ti fẹ̀yìn tì lẹ́nu iṣẹ́ ìjọba, ṣùgbọ́n ó ṣì ń sọ̀rọ̀ bí ẹni tí akọ̀wé jókòó tì. Àǹtí wé gèlè wá. Bùọ̀dá wọ kóòtù.

Bí wọ́n ṣe dé ibẹ̀ kò ju pé lọ́jọ́ Sunday tó ṣáájú, mo ń jẹun nílé wọn, mo sì sọ pé fíìmù náà dá lórí tọkọtaya kan tó pinnu pé àwọn kò ní í purọ́ fún ara wọn mọ́.

"Ìyẹn máa wúlò fún kíláàsì wa," ni Àǹtí wí.

"Àǹtí, kì í ṣe irú yẹn o. Wọ́n ń bọ́ṣọ níbẹ̀."

"Ṣé àwọn tó wà ní kíláàsì wa kì í bọ́ṣọ ni?"

Bùọ̀dá wúkọ́. Ikọ́ yẹn ló fi máa ń parí ìpàdé nígbà tó wà lẹ́nu iṣẹ́, òun náà ló sì fi ń parí ọ̀rọ̀ nílé.

Kíláàsì tí wọ́n ń wí ni ti àwọn àfẹ́sọ́nà tó fẹ́ ṣègbéyàwó nínú ìjọ Áńgílíkà tí wọ́n ń lọ. Ó ti pẹ́ tí àwọn méjèèjì ti ń darí rẹ̀. Kò sí tọkọtaya mìíràn tí àlùfáà ń fi ṣe àpẹẹrẹ tó wọn. Èmi náà gba kíláàsì yẹn nígbà tèmi. Ìwé ẹ̀rí rẹ̀ ṣì wà lọ́wọ́ mi; ìyàwó ni kò sí mọ́.

Ohun tí àlùfáà kò mọ̀ ni pé ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ni yàrá tí wọ́n ń sùn. Nígbà tí àbíkẹ́yìn wọn kúrò nílé ni Bùọ̀dá kó lọ sí yàrá ọmọ náà. Ó ní òtútù éésì tó wà ní yàrá ńlá ń mú orúnkún dun òun. Éésì yẹn ní bọ́tìnnì tí wọ́n fi ń pa á. Kò sẹ́ni tó mẹ́nu kan bọ́tìnnì náà rí.

Ní àkókò yẹn, físà Àǹtí ṣẹ̀ṣẹ̀ jáde. Ọmọ wọn obìnrin tó wà ní Kánádà ti lóyún, Àǹtí sì fẹ́ lọ bá a tọ́jú ọmọ fún oṣù mẹ́ta. Gbogbo ilé ń yọ̀. Ṣùgbọ́n ní àdúgbò wa ní Súrùlérè, ta ni kò mọ ìyá kan tó lọ fún oṣù mẹ́ta, tí ọmọ tó lọ wẹ̀ ti ń lọ sílé ìwé báyìí, tí ìyá àgbà kò tíì dé? Bùọ̀dá mọ̀ tó mẹ́ta nínú ọkọ wọn. Inú ìjọ kan náà ni wọ́n wà. Wọ́n ti ń dá se ìndómì fúnra wọn.

Fíìmù bẹ̀rẹ̀. Inú fúláàtì kan ṣoṣo ni gbogbo rẹ̀ ti ṣẹlẹ̀. Ìhòhò tí mo fi dẹ́rù bà wọ́n kò ju èjìká àti ẹ̀yìn lọ, kò sì sẹ́ni tó pariwo nítorí rẹ̀. Níbi tí ìyàwó náà ti sọ fún ọkọ rẹ̀ pé "Ìwọ, wò mí lójú," ni mo ti gbọ́ tí àwọn ọ̀dọ́ tó lajú yìí mí kanlẹ̀.

Lẹ́yìn ìyẹn ni ibi ilẹ̀kùn dé. Tọkọtaya inú fíìmù náà kò sùn pọ̀ mọ́. Obìnrin náà gbé ìrọ̀rí rẹ̀, ó lọ dúró lẹ́nu ọ̀nà yàrá tí ọkọ rẹ̀ wà, kò sì kanlẹ̀kùn. Ó kàn dúró. Wọ́n fi í síbẹ̀ pẹ́ títí ara fi bẹ̀rẹ̀ sí í ni gbogbo wa. Ẹnì kan rẹ́rìn-ín, ó dákẹ́. Mo yíjú wo Àǹtí láti mọ̀ bóyá òun náà fẹ́ rẹ́rìn-ín. Ọwọ́ rẹ̀ wà lórí ìdí gèlè rẹ̀ bíi pé ó fẹ́ tún un wé, ọwọ́ náà kò sì kúrò níbẹ̀. Bùọ̀dá yọ fóònù tí kò dún jáde lápò, ó ní "Hẹ́lò," ó sì jáde.

Nígbà tí iná tàn, ọkùnrin kan béèrè ìbéèrè tó gùn débi pé òun fúnra rẹ̀ gbàgbé ibi tó ń lọ. Èmi náà sọ tèmi nípa àlàfo àti òjìji. Mi ò lè túmọ̀ rẹ̀ títí di òní, ṣùgbọ́n wọ́n pàtẹ́wọ́. Àǹtí wá nawọ́ sókè. Mo rò pé àdúrà ló fẹ́ gbà.

"Obìnrin yẹn," ó ní, "ṣé ọjọ́ yẹn ni àkọ́kọ́ tó máa dúró lẹ́nu ọ̀nà yẹn?"

Onífìlà rẹ́rìn-ín músẹ́. "Ìbéèrè tó dáa ni, Mọ́mì. Olùwòran ló máa dáhùn ẹ̀ fúnra ẹ̀."

"Kì í ṣe ọjọ́ yẹn ni àkọ́kọ́," ni Àǹtí wí, ó sì jókòó.

Ní Sátidé tó tẹ̀ lé e, mọ́tò wọn wà lọ́dọ̀ mẹkáníìkì ní Pápá Àjàó, èmi ni mo gbé wọn lọ sí kíláàsì. Mo jókòó sẹ́yìn gbọ̀ngàn ìjọ, mo ń retí eré.

Eré kan wà tí wọ́n máa ń ṣe fún àwọn àfẹ́sọ́nà lọ́jọ́ tí wọ́n bá ń kọ́ wọn bí a ṣe ń yanjú aáwọ̀. Gbogbo ẹni tó gbéyàwó nínú ìjọ yẹn ló mọ̀ ọ́n. Bùọ̀dá á gbé báàgì wọlé bí ẹni ń bọ̀ láti ibi iṣẹ́. Àǹtí á kọ ẹ̀yìn sí i. Bùọ̀dá á ní, "Mọ́mì, kí ló dé tí inú ẹ ò dùn?" Àǹtí á ní, "Ẹ pẹ́, Dádì. Ọbẹ̀ ti tutù." Bùọ̀dá á ní, "Má bínú, ìyàwó mi. Àṣìṣe ni." Àǹtí á lọ gbé ọbẹ̀ tí kò sí kaná, wọ́n á di ara wọn lọ́wọ́ mú, kíláàsì á pàtẹ́wọ́. Ọdún tí èmi wà níbẹ̀, mo rẹ́rìn-ín, àfẹ́sọ́nà mi sì já mi léèékánná.

Bùọ̀dá wọlé pẹ̀lú báàgì. "Mọ́mì, kí ló dé tí inú ẹ ò dùn?"

Àǹtí kàn kọ ẹ̀yìn sí i. Bùọ̀dá tún un sọ, ó gbé ohùn sókè díẹ̀, bí ẹni tó fẹ́ rán ọmọ iléèwé létí àkọ́sórí rẹ̀.

Àǹtí yíjú sí i. "Dádì, ibí yìí nìkan lẹ ti máa ń bi mí."

"Ẹ̀n?"

"Ìbéèrè yẹn. Ibí yìí nìkan ni. Nílé, ẹ kì í bi mí."

Bùọ̀dá di báàgì mú. Ó wo ọ̀dọ̀ mi lẹ́yìn níbẹ̀, bíi pé ìwé eré náà wà lọ́wọ́ mi. Ó wúkọ́. Ó wá sọ ọ̀rọ̀ tó mọ̀: "Má bínú, ìyàwó mi. Àṣìṣe ni."

Kíláàsì pàtẹ́wọ́. Ọmọkùnrin kan níwájú mi sọ fún ẹnì kejì rẹ̀ pé, "Ha, wọ́n ti yí i padà o! Nígbà ti ẹ̀gbọ́n mi, ọbẹ̀ ló tutù."

Ọ̀dọ́bìnrin kan tó jókòó níwájú nawọ́ sókè, òrùka àfẹ́sọ́nà ń dán lọ́wọ́ rẹ̀. "Mọ́mì, ẹ jọ̀ọ́, ẹ ò tíì sọ ìdáhùn. Kí ló dé tí inú yín ò dùn?"

Ọkọ àfẹ́sọ́nà rẹ̀ fà á láṣọ. "Dákẹ́ jàre, eré ni."

Àǹtí wo ọmọ náà, ó ṣí ẹnu.

"Ẹ jẹ́ ká gbàdúrà," ni Bùọ̀dá wí. A gbàdúrà. A gbàdúrà fún ìjọba, fún àwọn arìnrìn-àjò, fún òrùlé gbọ̀ngàn tó ń jò.

Nígbà tí a délé, Àǹtí wọ kíṣìnnì lọ, Bùọ̀dá sì fà mí lọ sí bákónì.

"Kí ni ọkùnrin yẹn sọ?"

"Ọkùnrin wo, Bùọ̀dá?"

"Ti fíìmù. Nígbà tó ṣílẹ̀kùn fún ìyàwó ẹ̀. Mo wà níta nígbà yẹn."

"Ó ní ẹ̀rù ń ba òun."

"Ìyẹn nìkan?"

"Ìyẹn nìkan. Wọ́n wá jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà, wọ́n sọ̀rọ̀ títí ilẹ̀ fi mọ́."

"Ṣé wọ́n yanjú ẹ̀?"

"Fíìmù ò sọ."

"Irú fíìmù wo nìyẹn!" Inú bí i bí ẹni tí wọ́n ta rédíò fún láìsí bátìrì. "Ẹ kó èèyàn jọ, ẹ tan iná, ẹ ò sì sọ ibi tó parí sí!"

Ẹ̀fẹ̀ bí mẹ́rin ló wá sí mi lẹ́nu. Mo gbé gbogbo wọn mì. Bùọ̀dá fọwọ́ pa ojú, ó sì wọlé lọ. Láti pálọ̀ ni mo ti gbọ́ tó dúró lẹ́nu ọ̀nà kíṣìnnì.

"Mọ́mì."

"Hìn."

Omi ẹ̀rọ ń dà.

"Tó o bá lọ, ṣé o máa padà wá?"

Àǹtí ti ẹ̀rọ omi náà. "Mi ò mọ̀, Dádì."

Mo ń retí ikọ́. Bí kò bá sì jẹ́ ikọ́, mo ń retí pé á ní Ọlọ́run á ṣe é.

"Ẹ̀rù ń bà mí," ni Bùọ̀dá wí.

Ọ̀rọ̀ yẹn kì í ṣe tirẹ̀. Orí bákónì ló ti gbà á lọ́wọ́ mi láìpẹ́ yẹn, èmi náà sì gbà á lọ́wọ́ onífìlà. Ṣùgbọ́n ohùn rẹ̀ gbọ̀n ní ibi tí ohùn òṣèré yẹn kò ti gbọ̀n.

"Kí lẹ ń bẹ̀rù?" Àǹtí béèrè. Mo gbọ́ tí wọ́n fa àga kan lórí táìlì, lẹ́yìn náà àga kejì. Mo mú kọ́kọ́rọ́ mọ́tò mi, mo sì jáde. Kò sẹ́ni tó pè mí padà pé kí n wá jẹun.

Àǹtí lọ. Ọmọ ti dé, obìnrin ni. Onífìlà ti gbé fíìmù rẹ̀ lọ sí òkè òkun. Mo rí fọ́tò rẹ̀ lórí fóònù, fìlà náà sì wúlò fún un níbẹ̀. Bùọ̀dá ti sọ fún àlùfáà pé òun fẹ́ sinmi díẹ̀ nínú kíláàsì. Oṣù mẹ́ta náà ń parí lọ.

Lọ́jọ́ Sunday tó kọjá, ó pè mí pé kí n wá bá òun kó ẹrù. Aṣọ rẹ̀ ló fẹ́ kó padà láti yàrá ọmọ sí yàrá ńlá. A ti gbé apá kan dé ibẹ̀, éésì ń ṣiṣẹ́, yàrá náà tutù. Mo nawọ́ sí bọ́tìnnì kí n pa á nítorí orúnkún rẹ̀.

"Fi sílẹ̀," ó ní. "Kì í ṣe orúnkún."

Mo fi sílẹ̀. "Ṣé Àǹtí ti sọ ìgbà tí wọ́n ń bọ̀?"

"Mi ò bi í." Ó ká ṣẹ́ẹ̀tì kan, ó tún un ká. "Irọ́ ni. Mo bi í lánàá. Ó ní òun ò tíì mọ̀."

Ó ṣí kọ́bọ́ọ̀dù kí ó lè kó aṣọ rẹ̀ sí apá tirẹ̀. Ní apá Àǹtí, àwọn hángà tó ṣófo ń mì díẹ̀díẹ̀ nínú atẹ́gùn éésì. Aṣọ tó ti kúrò lórí wọn pọ̀ ju ti oṣù mẹ́ta lọ. Àwa méjèèjì rí i. Bùọ̀dá to ṣẹ́ẹ̀tì rẹ̀ sí apá tirẹ̀, kò sì fi ẹyọ kan kọ́ sórí àwọn hángà Àǹtí.