Etí Erin tí Mo Gbẹ́

Nígbà tí mo kó wá sí Ìbàfò láti Ọ̀yọ́, kò sí igi tàbí egungun tí mi ò lè gbẹ́. Mi ò fọ́nnu o, iṣẹ́ mi ló ń sọ bẹ́ẹ̀. Ìdí nìyẹn tí lánlọ́ọ̀dù mi, tí gbogbo wa ń pè ní Bàbá, fi gbé ère erin rẹ̀ tọ̀ mí wá.

Eyín erin gidi ni wọ́n fi gbẹ́ ẹ, kò ju ìkúùkù lọ. Àwọn ará Íńdíà ló gbẹ́ ẹ, láyé ìjọba òyìnbó. Ọ̀rẹ́ Bàbá ló rà á fún ìyá rẹ̀ nígbà tí àwọn méjèèjì gba ibẹ̀ lọ jagun Bọ́mà. Ọ̀rẹ́ náà kò bọ̀. Bàbá gbé erin bọ̀, ṣùgbọ́n etí rẹ̀ méjèèjì kán nínú ọkọ̀ ojú omi. Ojú ń tì í láti gbé nǹkan tó ti kán lọ fún ìyá tí ọmọ rẹ̀ kú, ló bá ń sún un síwájú, ó lé ní ogójì ọdún. Ó wá gbọ́ pé Màmá, ìyá ọ̀rẹ́ náà, kò lè dìde mọ́ ní Ìfọ̀.

"Ó gbọ́dọ̀ tẹ̀ wọ́n lọ́wọ́ kí wọ́n tó lọ," ni Bàbá wí.

Mo fi egungun màlúù gbẹ́ etí méjì, mo fi sáńpépà fá a títí ó fi ń dán. Etí fẹ̀rẹ̀gẹ̀dẹ̀, bó ṣe yẹ kí etí erin rí. Bàbá wò ó, ó bú sẹ́rìn-ín.

"O ti rí erin rí?"

"Bàbá, ta ni ò mọ erin?"

"Mi ò bi ọ́ bóyá o mọ̀ ọ́n. Ṣé o ti rí i rí?"

Bí a bá rí erin, ká sọ pé a rí erin. Èmi ò rí i rí. Bàbá ní etí ti Íńdíà kì í tóbi tó tiwa. Inú bí mi, ṣùgbọ́n mo gbẹ́ kékeré, mo fi gọ́ọ̀mù lẹ̀ ẹ́.

A lọ sí Ìfọ̀ ní Sátidé. Bàbá dọ̀bálẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ibùsùn Màmá.

"Ọmọ yín ló rà á fún yín ní Íńdíà," ló wí, ó sì gbé erin náà lé wọn lọ́wọ́.

Màmá fi ìka wá etí erin náà.

"Wọ́n rẹ́ ọmọ mi jẹ. Erin wo ló létí pẹ́ńpẹ́ báyìí?"

Mo fẹ́rẹ̀ẹ́ pàtẹ́wọ́. Mo wo Bàbá kí ó lè rí ojú mi, ṣùgbọ́n ó ti ń sọ̀rọ̀.

"Màmá, bí etí wọn ṣe rí lọ́hùn-ún nìyẹn. Ọmọ yín gun ọ̀kan. Ó di etí ẹ̀ mú, ó ń rẹ́rìn-ín. Ó ní tóun bá sọ ọ́ nílé, ẹ ò ní gba òun gbọ́."

Màmá gbé erin náà sáyà.

"Tún un sọ," ni wọ́n wí.