Lydie Renouf àti Igbe Haro

Inú ń bí mi, ẹ má retí ohùn pẹ̀lẹ́ lẹ́nu mi. Ẹ̀gbọ́n mi ni Lydie Renouf. Láti ìgbà tó ti wọlé ọkọ ní erékùṣù Jersey wa níbí ló ti ń gbin ọ̀dùnkún sí ẹ̀gbẹ́ òkè kan tó kọjú sí òkun. Bàbá arúgbó kan ló ni ilẹ̀ náà, Lydie ń san owó ilẹ̀ fún un, koríko òkun ló sì fi ń ṣe ajílẹ̀. Oko yẹn ni ayé rẹ̀.

Clarence ọkọ rẹ̀ kì í ṣe èèyàn burúkú. Àṣìṣe gbogbo wa ló ṣe. Àwọn olówó ilẹ̀ òkèèrè ń kó owó wá sí báǹkì wa kí ìjọba ilé wọn má baà rí owó orí gbà lórí rẹ̀. Kí n má purọ́, a jẹ nínú rẹ̀: ọ̀nà wa dára, owó orí wa kéré, Rosalie ọmọ Lydie ń ṣiṣẹ́ ní báǹkì. Ṣùgbọ́n àwọn olówó yìí kì í fẹ́ kí orúkọ wọn hàn, ni àwọn lọ́yà bá ń wá àgbẹ̀ olórúkọ rere tí yóò jẹ́ olùdarí ilé-iṣẹ́ fún wọn. Bí Clarence bá ta màlúù tán, á yà sí ọ́fíìsì, á fọwọ́ sí ìwé láìkà á, á gba owó ọtí, á máa lọ.

Bàbá arúgbó kú, àwọn ọmọ rẹ̀ ta ilẹ̀ fún ilé-iṣẹ́ kan. Láàárọ̀ ọjọ́ kan, katapílà dé, ọ̀dùnkún ṣì wà nínú ilẹ̀. Lydie ṣí gèlè, ó kúnlẹ̀ sínú ẹrẹ̀. Clarence àti Bisson oníbúrẹ́dì ṣí fìlà, wọ́n dúró tì í bí ẹlẹ́rìí, bí àwọn baba wa ṣe fi lélẹ̀.

“Haro! Haro! Haro! Ọmọ ọba, gbà mí, wọ́n ń rẹ́ mi jẹ.”

Ó ka Àdúrà Olúwa lédè Faransé. Nínú òfin àtijọ́ wa, ẹni tó bá gbọ́ igbe yẹn gbọ́dọ̀ jáwọ́ nínú iṣẹ́ títí ilé ẹjọ́ yóò fi dá sí i. Awakọ̀ paná ẹ̀rọ.

“Ẹ dìde, Màmá. Wọ́n rán mi ni. Clarence Renouf lorúkọ olùdarí tó ní kí n wá.”

Lydie ò dìde. Ó yíjú sí ọkọ rẹ̀.

“Bàbá Rosalie, ta ló ni ilé-iṣẹ́ náà?”

“Mi ò mọ̀.”

“Ìwọ lọ̀gá, o ò mọ ẹni tó o ń jọ̀gá fún?”

“Wọn kì í sọ fún wa, Lydie. Torí a kì í béèrè ni wọ́n ṣe ń pè wá.”

Bí ikú ilé ò pani, tòde ò lè pani. Ó wù mí kí n gbá a létí. Ojú tì í, ó fi bàtà ẹlẹ́rẹ̀ wọ ọ́fíìsì àwọn lọ́yà, ó ní òun ò ṣe olùdarí mọ́. Wọ́n dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀ tẹ̀rín-tẹ̀rín.

Lọ́jọ́ ẹjọ́, olùdarí tuntun ló dìde láti bá Lydie ṣẹjọ́. Bisson ni. Ó ní òun ò mọ̀ pé ilẹ̀ yẹn ni, òun kàn fọwọ́ sí ìwé ni. Adájọ́ ní ẹ̀tọ́ Lydie ti bá bàbá arúgbó lọ, ó tún bu owó ìtanràn lé e pé ó ké Haro lásán.

Wọ́n hú ọ̀dùnkún náà dànù pẹ̀lú ewé tútù lórí rẹ̀. Wọ́n kọ́ ilé ńlá síbẹ̀, a ò rí ẹnikẹ́ni kó ṣí fèrèsé rẹ̀ rí. Títí dòní, kò sẹ́ni tó mọ ẹni tó ni ín nínú wa, bẹ́ẹ̀ àwa náà la fọwọ́ sí i.