Ọta Fúyẹ́fúyẹ́ tí Eléyín Rọ

Àgbọ̀nrín kan ni ẹlẹ́rìí ọjọ́ tí ìbọn gbé Eléyín ṣánlẹ̀. Ẹranko náà ò tilẹ̀ sá. Ó dúró, ó ń jẹ koríko lẹ́nu, ó wo ọkùnrin náà níbi tó nà gbalaja sí nínú ẹrẹ̀, ó sì rọra bá tirẹ̀ lọ, bí ẹni tó ṣèèṣì ṣílẹ̀kùn bá àgbàlagbà ní ìhòòhò.

Ẹnu ló fa á. Ṣakabùlà ni ìbọn Eléyín, irú èyí tí èèyàn máa ń ki ẹ̀tù àti ọta sí láti ẹnu rẹ̀. Ó ti ki ẹ̀tù sí i tán kó tó bẹ̀rẹ̀ ìtàn kan tí kò lópin, nígbà tí ìtàn sì parí, ó gbàgbé pé òun ti kì í, ló bá tún ki òmíràn lé e. Bó ṣe yìn ín báyìí, iwájú ìbọn ò ṣe ẹnikẹ́ni ní nǹkan kan. Ìdí ìbọn ló ṣiṣẹ́. Egungun èjìká ọ̀tún rẹ̀ ṣẹ́.

Iṣẹ́ eyín ló ń ṣe, òun ni wọ́n fi ń pè é bẹ́ẹ̀. Kì í ṣe dókítà. Dókítà ló ń yọ ti àtijọ́, Eléyín ló ń ṣe èyí tí wọ́n á fi rọ́pò rẹ̀. Yàrá iṣẹ́ rẹ̀ wà lẹ́yìn ilé, gbogbo rẹ̀ funfun fún símẹ́ǹtì tó fi ń mọ àwòrán ẹnu àwọn èèyàn. Bí àlejò bá wọlé, àgbọ̀n ìsàlẹ̀ àti tòkè lóríṣiríṣi ló ń ya ẹnu sí i láti orí pákó. Ìyàwó rẹ̀, tó ń rán aṣọ àga ní yàrá iwájú, máa ń sọ pé àwọn nìkan ni ẹnu tó mọ bí wọ́n ṣe ń dákẹ́ nínú ilé náà.

Nígbà tí egungun jinná, dókítà sọ fún un pé kó fi ìbọn sílẹ̀. Wọn ò tíì délé tí ìyàwó fi bẹ̀rẹ̀.

"Ṣé ẹ gbọ́ ohun tí dókítà wí?"

"Mo gbọ́."

"Kí lẹ gbọ́?"

"Pé kí n má yìn ìbọn tó ń gbá èèyàn mọ́."

"Ìbọn wo ni kì í gbá èèyàn?"

Eléyín ronú díẹ̀. "Ìyẹn gan-an ni mo fẹ́ lọ wò."

Ohun tó rò kò le. Òjé tó wúwo àti ẹ̀tù púpọ̀ ni ìbọn fi ń bínú. Bí ọta bá fúyẹ́, tí ẹ̀tù náà sì mọ níwọ̀n, ìbínú á dínkù. Ó wá pinnu pé òun á rọ ọta kúkúrú kan, tí fífẹ̀ rẹ̀ á bá ẹnu ìbọn mu, ṣùgbọ́n tí ìdí rẹ̀ á ní ihò bíi ti agolo, kó má baà wúwo. Ó gbẹ́ àwòrán rẹ̀ lára àbẹ́là bó ṣe ń gbẹ́ eyín, ó tẹ̀ ẹ́ sínú símẹ́ǹtì funfun, ó sì gbé òjé kaná lẹ́yìnkùlé, nínú ìkòkò tí ìyàwó rẹ̀ rò pé ó sọnù.

Kò ní sùúrù kí símẹ́ǹtì gbẹ dénú. Bó ṣe da òjé sí i, omi tó fara pamọ́ síbẹ̀ hó, òjé sì ta padà jáde, ó dá ihò sí ṣòkòtò rẹ̀ ní ibi tí mi ò ní dárúkọ. Aṣọ àga olódòdó ni ìyàwó fi lẹ̀ ẹ́ fún un.

"Ẹ rọra o," ló wí, abẹ́rẹ́ wà lẹ́nu rẹ̀. "Ìyẹn, ẹ ò lè ṣe àtọwọ́dá ẹ̀."

Ẹ̀gbọ́n ìyàwó yìí ni gbogbo ayé ń pè ní Sájẹ́ńtì, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ilẹ̀kùn ilé ìkẹ́rùsí àwọn ológun ló ṣọ́ títí tó fi fẹ̀yìn tì. Òun náà ń ṣọdẹ. Ó máa ń bu ẹ̀tù sí ìbọn bí ẹni tó ń bu iyọ̀ sí ọbẹ̀ ọ̀tá rẹ̀. Eyín òkè ẹnu rẹ̀, iṣẹ́ ọwọ́ Eléyín ni. Nígbà tó rí ọta tuntun náà, ó gbé e sí àtẹ́lẹwọ́, ó yí i síhìn-ín sọ́hùn-ún.

"Kí lèyí? Oògùn ẹ̀fọ́rí?"

"Ẹ̀gbọ́n, ọta ni."

"Kí lo fẹ́ fi pa? Eṣinṣin?"

Ibi tí wọ́n ti ń sun bíríkì tẹ́lẹ̀, tí ẹnikẹ́ni kì í dé mọ́, ni Eléyín lọ dán an wò. Òkìtì yanrìn ńlá wà níbẹ̀ tó lè gba ọta dúró. Ó to ìwé ìròyìn àtijọ́ tó ti rẹ sínú omi jọ gègèrè, kó lè mọ bí ọta ṣe ń wọlé tó, ó sì lẹ àwòrán ńlá kan mọ́ ọn níwájú: ọkùnrin kan tó ń rẹ́rìn-ín, tó ń sọ fún aráyé pé kí wọ́n máa fọ eyín láàárọ̀ àti lálẹ́. Ẹnu ọkùnrin yìí ni Eléyín fẹ́ yìnbọn sí. Ìyàwó rẹ̀ gbé àpótí ìjókòó àti aṣọ tó ń rán wá. Sájẹ́ńtì kò gbé nǹkan kan wá, ẹ̀rín nìkan ló gbé wá.

Ẹ̀tù àkọ́kọ́ kéré jù. Ká má parọ́, ìbọn náà kò dún, ńṣe ló só. Ọta náà yọ jáde, ó sì jábọ́ sínú eruku níwájú wọn bí ẹni tó rẹ̀. Sájẹ́ńtì rẹ́rìn-ín débi pé ó ní láti fọwọ́ di eyín rẹ̀ mú.

Eléyín ń fi ẹ̀tù kún un ní díẹ̀díẹ̀. Ó dé ibi tí ìbọn fi ń dún bí ìbọn, tí kò sì ju pé ó ń tì í jẹ́jẹ́ lọ. Èjìká ò dùn ún. Ìṣòro tó kù ni pé ọta ò gbọ́ràn. Ọ̀kan lọ sí etí ọkùnrin inú àwòrán, ọ̀kan lọ sí táì ọrùn rẹ̀, òmíràn lọ síbi tí Ọlọ́run nìkan mọ̀. Eléyín bú símẹ́ǹtì, ó bú òjé, ó bú afẹ́fẹ́. Ó padà sílé, ó fi òṣùwọ̀n kékeré iṣẹ́ rẹ̀ wọn gbogbo ọta, ó sì yọ́ gbogbo èyí tí afẹ́fẹ́ há sínú wọn, ó tún wọn rọ. Nígbà tí wọ́n padà dé ibi bíríkì, etí ọkùnrin yẹn náà ló tún bà.

Ìyàwó rẹ̀ ti ń wò ó láti orí àpótí. Ó gbé aṣọ sílẹ̀.

"Ọwọ́ yín ti rẹ̀. Ẹ gbé e wá, kí n bá yín kì í."

Ó yíjú sẹ́yìn, ó fi ọ̀pá gún inú ìbọn bí ẹni tó ń gún nǹkan gidi, ó fi ìdáná kékeré, èyí tí òòlù ìbọn máa ń gbá kí ẹ̀tù lè gbiná, sí ìdí rẹ̀, ó sì gbé e fún ọkọ rẹ̀. Kò sí ẹ̀tù níbẹ̀. Kò sí ọta. Eléyín gbé ìbọn sí èjìká, ó wo ẹnu ọkùnrin náà dáadáa, ó fà á.

Ìdáná náà dún tá, bí igi gbígbẹ tó ṣẹ́. Kò sí ohun mìíràn. Ṣùgbọ́n ẹnu ìbọn ti tẹrí ba sílẹ̀, ojú Eléyín dì pinpin, ó sì ti fún gbogbo ara pọ̀ bí ọmọ tí wọ́n fẹ́ fún ní oògùn kíkorò.

Sájẹ́ńtì ya ẹnu láti rẹ́rìn-ín. Àbúrò rẹ̀ wò ó. Ó pa á dé.

"Ìbọn ò ṣe yín ní nǹkan kan," ìyàwó wí. "Kí lẹ ń sá fún?"

Eléyín jókòó sórí yanrìn. "Mo máa ń gbọ́ ọ kó tó dún."

"Mo mọ̀. Láti ọjọ́ tó ti gbá yín ni èjìká yín ti ń fò lójú oorun. Ẹ ti fi ìgúnpá gbá mi nímú rí."

Bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ṣe bẹ̀rẹ̀. Obìnrin yìí ló ń ki ìbọn, kò sì jẹ́ kí ọkọ mọ̀ bóyá nǹkan wà níbẹ̀ tàbí kò sí. Bí kò bá sí, ojú dídì rẹ̀ á hàn sí gbogbo wọn, ìtìjú á sì bá a. Bó bá wà, ọta fúyẹ́fúyẹ́ náà á jáde, kò sì ní dùn ún. Ara rẹ̀ wá ń gbà díẹ̀díẹ̀ pé kò sí ìjà mọ́. Lọ́sàn-án ọjọ́ kan, ọkùnrin inú àwòrán pàdánù eyín iwájú rẹ̀ méjèèjì, Eléyín sì rí i pẹ̀lú ojú ara rẹ̀.

Àwọn ìwé ìròyìn náà sọ tẹnu wọn. Bí Eléyín bá yìn ín nítòsí, ọta ń wọlé jinlẹ̀. Bó bá jìnnà, kò ju pé ọta ń ba àwọn ìwé náà nínú jẹ́ lọ.

"Bí mi ò bá rí ìpéǹpéjú ẹran," ni Eléyín wí, "mi ò ní yìn."

Nígbà tí àkókò ọdẹ dé, àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta jọ lọ ní ìdájí. Wọ́n ba sí ẹsẹ̀ igbó, pápá wà níwájú wọn. Kò pẹ́ tí àgbọ̀nrín kan fi yọ ní òdìkejì.

"Ó jìnnà," Eléyín sọ wúyẹ́wúyẹ́.

"Fún tìẹ ni," Sájẹ́ńtì dáhùn, ó sì yìn.

Ilẹ̀ mì. Èéfín bo gbogbo wọn. Nígbà tó tú ká, àgbọ̀nrín ti sáré lọ sí etí odò, ara rẹ̀ le koko, Sájẹ́ńtì sì wà lórí ìkúnlẹ̀, ó ń fọwọ́ wá inú koríko. Ìbọn ti gbá eyín òkè jáde lẹ́nu rẹ̀. Ó ń sọ̀rọ̀ kíkan kíkan, ṣùgbọ́n afẹ́fẹ́ nìkan ló ń jáde.

"Ẹ dákẹ́, ẹ̀gbọ́n mi," àbúrò rẹ̀ wí. "A ò gbọ́ nǹkan kan nínú ohun tẹ́ ẹ ń sọ."

Àgbọ̀nrín náà ti dúró sẹ́yìn igbó kékeré kan, ó ń fetí sílẹ̀. Eléyín dọ̀bálẹ̀, ó ń fi ikùn wọ́ gba inú kòtò tó lọ sí etí odò, ìgbà tó bá fẹ́ wúkọ́, á bu ọwọ́ ẹ̀wù rẹ̀ jẹ. Ó wọ́ títí ó fi rí ìpéǹpéjú. Ó gbé ìbọn sókè. Ó fà á.

Ìbọn fọwọ́ kan èjìká rẹ̀ bí ọ̀rẹ́ tó ń kí i láti ẹ̀yìn. Ó rí iná tó yọ, ó rí èéfín, ó rí bí ẹran náà ṣe fò, tó sáré díẹ̀, tó kúnlẹ̀, tí kò sì dìde mọ́.

Nígbà tí ìyàwó rẹ̀ dé ọ̀dọ̀ rẹ̀, ó bá a tó jókòó ti ẹran náà, ọwọ́ rẹ̀ wà lọ́rùn ẹran.

"Mo rí i," ni Eléyín wí.

"Kí lẹ rí?"

"Gbogbo ẹ̀."

Obìnrin náà jókòó tì í. Wọn ò sọ̀rọ̀ fún ìgbà díẹ̀, èyí tó jẹ́ nǹkan ńlá fún ọkùnrin yẹn.

Sájẹ́ńtì rí eyín rẹ̀ nígbà tó fi bàtà tẹ̀ ẹ́, ó fọ́ sí méjì. Nígbà tí àwọn ará ilé ń jẹ ẹran, omi ọbẹ̀ ló ń mu. Eléyín gbà láti ṣe òmíràn, ṣùgbọ́n kò kánjú. Ó ní iṣẹ́ eyín kì í ṣe ohun wàrà-wàrà, pé símẹ́ǹtì gbọ́dọ̀ gbẹ dénú. Ìyàwó rẹ̀ ò bá a jiyàn, nítorí ilé ti dákẹ́ jẹ́ẹ́.

Ọjọ́ tí eyín tuntun wọ ẹnu, Sájẹ́ńtì wo ara rẹ̀ nínú dígí, ó pa eyín náà pọ̀ lẹ́ẹ̀kan, ó húkọ́. Ó ní ọ̀rẹ́ òun kan wà, ọdẹ ni, èjìká ń dùn ún. Ó ní ọ̀rẹ́ náà ló rán òun, pé kí Eléyín jọ̀ọ́ fún un ní díẹ̀ nínú àwọn oògùn ẹ̀fọ́rí yẹn. Eléyín bu ẹ̀kúnwọ́ fún un, kò bi í ní ìbéèrè. Ọ̀rẹ́ náà, a ò tíì fojú kàn án títí dòní.