Ṣọ́ọ̀kì Inú Fírísà Moṣọpẹ́

Ní Marks Gate nílùú òyìnbó, níbi tí ariwo ọkọ̀ títì A12 kì í ti í sinmi, ṣọ́ọ̀bù kan wà tí wọ́n ti ń tún alùpùpù ṣe. Moṣọpẹ́ ni ẹ ó bá níbẹ̀, obìnrin kúkúrú tó ti lé díẹ̀ ní àádọ́ta ọdún. Ọmọ ìjọ Aládùúrà ni. Ní Sọ́ńdè, aṣọ funfun ló ń wọ̀, ẹsẹ̀ lásán ló sì fi ń rìn nínú ilé Ọlọ́run. Ní Mọ́ńdè, aṣọ iṣẹ́ tí epo ti sọ di dúdú ló kù. Àwọn ìyá kan nínú ìjọ máa ń wo èékánná rẹ̀ bíi pé ó jí nǹkan. Kò kàn án. Ó ní òun kò rí ibi tí wọ́n ti kọ ọ́ pé epo ọkọ̀ jẹ́ ẹ̀ṣẹ̀.

Sámúẹ́lì ọkọ rẹ̀ ló kọ́ ọ níṣẹ́ náà. Nígbà tí Sámúẹ́lì kú, gbogbo èèyàn gbà pé opó yóò ti ilẹ̀kùn pa, yóò lọ máa tọ́jú àwọn arúgbó bíi ti àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀. Ta ló ní kí wọ́n gbà bẹ́ẹ̀? Ọ̀sẹ̀ tí wọ́n sin ọkọ rẹ̀ tán gan-an ló ṣílẹ̀kùn. Ohun tó kàn ń dà á láàmú ni pé Sámúẹ́lì àti àbúrò rẹ̀, Adédìran, ni wọ́n jọ gba ilé náà. Adédìran sì ti rí ọkùnrin kan tó fẹ́ máa ta àga àlòkù níbẹ̀. Àwáwí ló ń wá kiri, Michelle ló sì bá a gbé e wá.

Michelle yìí, òyìnbó ará Rush Green tó ń wa bọ́ọ̀sì, ní alùpùpù orí yìnyín kan. Kò ní táyà rárá: irin pẹlẹbẹ méjì ló fi ń yọ̀ lọ níwájú, bẹ́líìtì rọ́bà fífẹ̀ kan ló ń tì í láti ẹ̀yìn. Gbogbo ìgbà òtútù ni Michelle máa ń wọ́ ọ lọ sí Norway, lọ́dọ̀ ẹ̀gbọ́n rẹ̀ obìnrin. Ṣọ́ọ̀kì ẹ̀yìn rẹ̀ kò ní sípíríǹgì. Afẹ́fẹ́ tí wọ́n fi pọ́ǹpù há sínú rẹ̀ ló ń gbé ènìyàn dúró. Kí Michelle tó lọ lọ́tẹ̀ yìí, Moṣọpẹ́ ti tú ṣọ́ọ̀kì náà, ó ti pààrọ̀ àwọn òrùka rọ́bà tí kì í jẹ́ kí afẹ́fẹ́ jáde. Àmọ́ bí wọ́n ṣe débi yìnyín, ẹ̀yìn alùpùpù náà rì, gbogbo gegele ọ̀nà ni Michelle fi ìdí gbà. Ó fi ẹ̀yìn dídùn àti ìbínú padà wálé. Láti ẹnu ọ̀nà ló ti ń sọ̀rọ̀, Adédìran sì wà ní ìkàlẹ̀.

Ojú Michelle ni Adédìran ti sọ̀rọ̀. Ó ní Sátidé ni obìnrin yìí fẹ́ padà sí Norway. Bí Sátidé bá dé tí ọkọ̀ rẹ̀ kò tíì dára, òun yóò ti ṣọ́ọ̀bù náà pa, kí Ìyàwó lọ sinmi nílé. Ìyàwó ló ń pè é láti ọjọ́ ìgbéyàwó, bó tilẹ̀ jẹ́ pé Moṣọpẹ́ lè bí àbúrò rẹ̀.

Moṣọpẹ́ kúnlẹ̀, torí ọkọ ni àbúrò ọkọ, bí wọ́n ṣe tọ́ ọ nìyẹn. Orí ìkúnlẹ̀ náà ló ti dá a lóhùn.

“Ẹ má bínú, Bọ̀dá. Màá tún ọkọ̀ ṣe. Àmọ́ mi ò lọ síbì kankan.”

Inú ń bí i dé eékún ẹsẹ̀. Ó gbé ẹ̀yìn alùpùpù náà sókè, ó yọ ṣọ́ọ̀kì, ó fún un ní afẹ́fẹ́ bó ṣe yẹ, ó wá fi omi ọṣẹ pa ẹnu fáàfù àti gbogbo ibi tí irin ti pàdé irin. Kò rú ìfóófòó kankan tí ì bá fi hàn pé afẹ́fẹ́ ń jò. Ó fi í sílẹ̀ di ọjọ́ kejì, ó fi géèjì wò ó: afẹ́fẹ́ kò dín. Adédìran yọjú, ó rẹ́rìn-ín, ó ní ohun tí kò bàjẹ́ lójú ẹni, báwo lèèyàn ṣe fẹ́ tún un ṣe. Ẹ̀rù ba Moṣọpẹ́ wàyí, mi ò ní parọ́ fún yín. Ó rí ara rẹ̀ nílé, tó ń wo ògiri.

Ìgbà tó ń yọ ẹja nínú fírísà nílé rẹ̀ ní Eastbury, tí ìka rẹ̀ kú tipiri, ni ọ̀rọ̀ náà yé e. Ṣé inú ooru kọ́ ni òun ń yẹ ohun tó ń ṣàìsàn nínú òtútù wò? Lọ́jọ́ kejì, ó fi ṣọ́ọ̀kì náà sínú báàgì ọjà, ó gbé e wọ bọ́ọ̀sì, ó sì tẹ́ ẹ sáàárín ẹja Títọ́ọ̀sì àti ata lílọ̀. Èyítáyọ̀ ọmọ rẹ̀, tó ti di nọ́ọ̀sì, ṣí fírísà, ó ní kí ni irin ń wá lórí ẹja àwọn. Ìyá rẹ̀ ní kó pa á dé.

Òtútù máa ń mú kí afẹ́fẹ́ súnkì, Moṣọpẹ́ sì mọ̀ bẹ́ẹ̀, nítorí náà kò kánjú dá a lẹ́jọ́. Ó gbé e jáde, ó jẹ́ kó lọ́ wọ́ọ́rọ́ kó tó lo géèjì. Ìdajì afẹ́fẹ́ ti lọ. Ó tún un tì sínú fírísà, nígbà tó sì gbé e jáde, ó tú afẹ́fẹ́ tó kù dànù pátápátá, torí ẹni tó bá ṣí irú rẹ̀ pẹ̀lú afẹ́fẹ́ nínú, irin lè fò bá a lójú. Ó wá ṣí i bó ṣe tutù yẹn. Nǹkan funfun kan ti dì mọ́ òrùka rọ́bà, bí ọ̀rá orí ọbẹ̀ tó sùn. Ó gbóòórùn rẹ̀.

Òróró àdúrà ni. Kò sí ọkọ̀ tó ń kúrò ní ṣọ́ọ̀bù náà láìjẹ́ pé wọ́n fi òróró kàn án, kí ẹni tó gùn ún má bàa rí ìjàǹbá. Ọwọ́ tí wọ́n fi ń darí alùpùpù ni Sámúẹ́lì máa ń fi kàn. Lẹ́yìn ikú rẹ̀ ni Moṣọpẹ́ rò pé ti ìta nìkan kò tó, ló bá bẹ̀rẹ̀ sí í fi pa inú, kí ìbùkún lè wọlé dáadáa. Òróró ólífì sì rèé, bí òtútù bá mú un, ṣe ló ń dì. Rọ́bà kò rí ara rẹ̀ nà mọ́, afẹ́fẹ́ gba ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ jáde.

Ó lè pa á mọ́ra. Ta ni yóò mọ̀? Ó nù ún mọ́ tónítóní, ó fi òrùka tuntun sí i, ó fi gírísì tí kì í dì nínú òtútù pa á, ó dè é, ó sì fún un ní afẹ́fẹ́. Ṣọ́ọ̀kì tún sùn lọ́dọ̀ ẹja. Nígbà tó lọ́ wọ́ọ́rọ́ tán, géèjì kò yẹ̀ níbi tó wà.

Ní Sátidé, Adédìran dé pẹ̀lú àgádágodo tuntun lọ́wọ́. Michelle náà dé. Moṣọpẹ́ ti de ṣọ́ọ̀kì padà sídìí alùpùpù, ó sì sọ fún Michelle pé òun fúnra òun ni òun bà á jẹ́, ó sọ ohun tó fi sí i àti ìdí tó fi fi sí i, ó wá sọ bó ṣe dán an wò nínú fírísà. Michelle gun ọkọ̀ náà, ó fi ìdí ti ẹ̀yìn rẹ̀ mọ́lẹ̀ títí, ó ní ó dáa, kí wọ́n bá òun gbé e sórí ọkọ̀ àfàkẹ́yìn òun.

Adédìran wá fi Yorùbá sọ ọ́ pé kò burú, ó ti jẹ́wọ́ fúnra rẹ̀, kó kó ẹrù rẹ̀.

Moṣọpẹ́ kúnlẹ̀. “Bọ̀dá, ẹ̀gbọ́n yín gbàgbé láti di nọ́ọ̀tì alùpùpù yín, ẹ ṣubú ní Chadwell Heath, wọ́n rán yín lórí. Ta ló ní kí ẹ̀gbọ́n yín kó ẹrù rẹ̀?”

Ọwọ́ Adédìran lọ síbi àpá orí rẹ̀. Moṣọpẹ́ kò dìde. Ó na ọwọ́ méjèèjì, ó gba àgádágodo náà àti kọ́kọ́rọ́ rẹ̀ lọ́wọ́ ọkùnrin náà, pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́, bí ìyàwó ṣe ń gba nǹkan lọ́wọ́ ọkọ.

“Ẹ ṣeun, Bọ̀dá,” ló wí. “Èyí tí mo ń fi tilẹ̀kùn mi ti dípẹtà.”